Eyín Tí Mo Jù Sórí Páánù

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Èèyàn mẹ́ta ló wà ní àgbàlá ilé tí à ń gbé ní Agége: èmi, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti ìyá kan tó ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo mọ aago náà nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi láti mọ iye wákàtí tí mo lè fi sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ òru ni mo ti dé láàárọ̀, mo sì ti fọ aṣọ, mo ti se oúnjẹ. Oorun nìkan ló kù lọ́kàn mi.

Ọmọ náà ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ. Kọnkéré ibẹ̀ máa ń yọ̀, gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń sọ pé a ó fọ ọ́. Ó gbé garawa, ó yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo gbọ́ ìró garawa kí n tó gbọ́ igbe. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti jókòó sínú omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Irin tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà dúró ló fi ẹnu gbá.

“Yéè! Ẹ gbé e!” Ìyá olómi ti ń sáré bọ̀, ó mú etí ìró rẹ̀ dání. “Bàbá, ẹ má kàn dúró bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e!”

Mi ò dúró. Mo gbé e. Mo ní kó tẹ orí síwájú, kó má gbé e sẹ́yìn, kó má bàa gbé ẹ̀jẹ̀ mì. Mo bu omi tó mọ́ sínú ife, mo ní kó fi ṣan ẹnu, kó tu ú dànù. Mo ká áńkáṣíìfù funfun kan, mo fi sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, mo ní kó fi eyín dì í mú kó má tú u. Mo bẹ Ìyá olómi, ó fọ́ yìnyín fún mi nínú kúlà rẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé ètè rẹ̀ lókè.  Ẹni tó bá rí mi nígbà náà á sọ pé ọkùnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe garawa àti àga oníke ni mo wà, lápá Ìkẹjà, ó ti lé ní ogún ọdún. Wọ́n máa ń kó wa jọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá tó ń rí sí ààbò wá sọ fún wa ohun tí a máa ṣe tí èèyàn bá ṣèṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń tẹnu mọ́: bí nǹkan bá já kúrò lára èèyàn, ẹ má jù ú nù, ẹ gbé e tẹ̀lé onítọ̀hún. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣe ṣíìfù kan náà, ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ wá ìka náà lábẹ́ ẹ̀rọ títí mo fi rí i. Mo fi aṣọ tó mọ́ wé e, mo fi sínú náílọ̀nù, mo gbé náílọ̀nù náà lé yìnyín, mo sì gbé e lé itan mi nínú ọkọ̀ títí a fi dé ọsibítù. Wọ́n rán an padà. Ó ń lò ó di òní.

Èmi yìí náà ni. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ara èèyàn ni eyín.

Ìyá olómi ló rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un jáde nínú omi ilẹ̀. “Eyín rẹ̀ rèé. Odidi ni o, kò tilẹ̀ kán.”

Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú méjì iwájú lókè ni. Ó gùn. Ibi tó fi wọ inú èrìgì gùn ju ibi tó máa ń hàn síta lọ. Mo rí i pé ó gùn, mo sì sọ ọ́ jáde: “Eyín yìí mà gùn o.”

“Ọmọ ayé ìsinsìnyí,” ni Ìyá olómi wí. “Kí ni tiwọn tí kò gùn? Ahọ́n wọn ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ẹnu ọmọ náà, ó tún wò mí. “Àbí kò tíì pààrọ̀ ti iwájú yìí ni?”

Mo ní, “Kò tíì pààrọ̀ rẹ̀.”

Mi ò mọ̀. Mo kàn dáhùn ni. Ó bi mí ní ìbéèrè nípa ọmọ mi, mi ò sì fẹ́ kó rí i pé mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré nìyẹn, èmi tí wọ́n ń sọ nípa mi pé mi ò kì í sọ̀rọ̀.

“Ẹ yáa jù ú sórí òrùlé, kí alángbá tó rí i,” ni ó wí.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é nílé wa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún mi. Eyín ọmọ á já, a ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tó bá iye ọdún rẹ̀ mu, a ó sì ju gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀ kí òmíràn lè hù kíá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta lẹ́bàá ògiri. Mo kà á sókè kí ọmọ náà lè gbọ́, kó lè dẹ́kun ẹkún: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ẹẹ́sàn-án.

Ó dìde. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ń mi orí, ó ń sọ nǹkan, ṣùgbọ́n aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀, mi ò gbọ́ ju “ùn-ùn, ùn-ùn” lọ. Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ jù ú, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fẹ́.

“Dákẹ́,” ni mo wí. “Má sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún jáde. Èmi á bá ọ jù ú.”

Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì fa aṣọ ẹnu rẹ̀ láti yọ ọ́. Mo tì í padà. Mo ní, “Ṣé o ò gbọ́? Mo ní kí o dákẹ́!” Mo pariwo mọ́ ọn. Ó sì dákẹ́, nítorí pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Mo jù ú. Eyín àti òkúta mẹ́sàn-án. Wọ́n dún lórí páánù bí ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá olómi pàtẹ́wọ́. “Ó ti lọ! Ẹ wò ó, Bàbá ti di ìyá lójijì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí lórí ọmọ yìí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ohun tí mo ń gbọ́ ni pé irun rẹ̀ ò dáa, pé ó ti rù, pé ṣé mi ò ní gbé e fún àwọn obìnrin ilé ni. Mo mú un wọlé, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo ní kó má tú aṣọ ẹnu rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì rò pé ìrora ni. Mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ kó hàn: mo sùn. Mo sùn fún wákàtí kan àti ààbọ̀, eyín ọmọ mi wà nínú oòrùn.

Nígbà tí mo jí, ètè rẹ̀ ti wú dé abẹ́ imú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú un lọ sí kẹ́míìsì tó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Dópẹ̀mú. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Oníbàárà méjì wà níwájú wa, ọkùnrin kan tó ń ra oògùn ẹ̀yìn àti obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n. Wọ́n rí ètè ọmọ mi, wọ́n yà fún wa.

Obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó yọ áńkáṣíìfù, ó tan iná fóònù sínú ẹnu rẹ̀. Ó wò ó títí.

“Ihò yìí mà jìn gan-an,” ni ó wí. “Eyín àgbà ni. Ó dà?”

“Ó sọnù,” ni mo wí.

Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Bó ṣe pe ọ̀rọ̀ náà, “eyín àgbà,” mo ti fẹ́ kí eyín náà jẹ́ ohun tó sọnù fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

“Kò sọnù.” Ọmọ mi ni. Ètè wíwú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já gaara, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. “Ó wà lórí òrùlé. Dádì ló jù ú síbẹ̀.”

Ọkùnrin tó ń ra oògùn bú sẹ́rìn-ín. “Sórí òrùlé kẹ̀! Bàbá, ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n pè é fún yín ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ni obìnrin kẹ́míìsì wí fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ọmọ náà. “O ò sọ fún Dádì pé ti ọmọdé ti já tẹ́lẹ̀ ni?”

“Mo ń sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n dákẹ́.”

Kò fi ẹjọ́ mi sùn o. Ó kàn dáhùn ohun tí wọ́n bi í, bó ṣe máa ń dáhùn tíṣà. Ká ní ó fi ẹjọ́ mi sùn ni, ì bá sàn fún mi.

Obìnrin náà dìde, ó yíjú sí mi. “Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Eyín àgbà tó bá yọ lódidi, orí rẹ̀ la ti ń dì í mú, a kì í fọwọ́ kan gbòǹgbò. Tó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fìrí. Kò sí ọṣẹ, kò sí kànìnkànìn, ẹ ò gbọdọ̀ ha á. Ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti dá a padà sínú ihò rẹ̀, kí ọmọ náà deyín mọ́ aṣọ kó má bàa yẹ̀, kó sì gba ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, inú mílíìkì olómi. Ṣé ẹ gbọ́? Kó má gbẹ. Ohun tó ń pa á ni kó gbẹ.”

Mo ní, “Ó ti tó ìgbà wo tí kò fi ní ṣeé lò mọ́?”

“Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la máa ń fẹ́. Wákàtí kan, ó ti ń le.” Ó wo aago ara ògiri rẹ̀. “Ìgbà wo ló ṣubú?”

Èmi náà wo aago náà. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.  Ó rí ojú mi, kò bi mí mọ́. Ó mú mílíìkì jáde nínú fíríìjì rẹ̀, ó dà díẹ̀ sínú ike kékeré tó ní ìdérí, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Ẹ sáré. Mo mọ dókítà eyín kan ní Ìkẹjà, màá pè wọ́n kí wọ́n má tíì tì. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí ẹ lè yára.”

Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ padà sílé, mo di ike mílíìkì mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mo gbé tábìlì Ìyá olómi síbi ògiri láìtọrọ rẹ̀, mo gbé àpótí lé e, mo gùn ún. Ìyá olómi ń bi mí pé kí ló dé, kí ló dé, mo ní “Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ tábìlì mú.”  Ó dì í mú.

Páánù náà ṣì gbóná débi pé ó ń jó orúnkún mi láti inú ṣòkòtò. Ó ti dípẹtà, ó ń dún ní gbogbo ibi tí mo bá tẹ̀. Bàbá tó ni ilé jáde sí fèrèsé òkè ní ilé kejì. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ kò tíì darúgbó.

“Ta ló wà lórí òrùlé mi?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú.”

“Kí lò ń wá níbẹ̀?”

“Eyín ni, sà.”

“Eyín? Ní ọjọ́ orí tìrẹ yìí? O jù ú ni?”

“Ti ọmọ mi ni, sà.”

“Eyín tí o jù sókè, o tún wá ń mú un sọ̀kalẹ̀? Irú kí nìyẹn?” Ó ń wò mí. “Má tẹ àárín, etí ni kó o máa tẹ̀. Tó o bá lu páánù mi, ìwọ lo máa tún un ṣe o.”

Mo fi ọwọ́ wá a. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, bátìrì wà níbẹ̀, ewé gbígbẹ àti òkúta wẹ́wẹ́. Òkúta náà ju mẹ́sàn-án lọ dáadáa. Ọmọ ilé yìí pọ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ju eyín. Mi ò lè mọ èyí tí mo jù yàtọ̀. Mo wá a láti etí kan dé èkejì, mo tún padà. Ní kòtò kan láàárín páánù méjì ni mo ti rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ó funfun gbẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ tó pupa díẹ̀ nígbà tí mo jù ú ti di bí egungun ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Mo dì í mú lórí bí obìnrin yẹn ṣe sọ, mo fi sínú mílíìkì, mo dé e. 

Mo padà lọ mú ọmọ mi ní kẹ́míìsì, aago mẹ́fà sì ti lọ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Ìkẹjà. Obìnrin ni, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó tún un wọ̀ nítorí wa. Wọ́n fún mi ní ìwé kan pé kí n kọ nǹkan sí i nígbà tí wọ́n ń múra ọmọ náà sílẹ̀.

Mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí n tó wọ ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ àgbà tí à ń ṣe lálẹ́, nítorí náà mi ò kì í yára kọ nǹkan, ṣùgbọ́n mo ń kọ ọ́ kó ṣeé kà. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ orí, mo kọ ibi tí à ń gbé. Mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè àwọn eyín tó ti pààrọ̀ àti ìgbà tó pààrọ̀ wọn. Mo gbé bírò sókè. Kì í ṣe pé mi ò lè kọ ọ́. Mi ò ní ohun tí mo máa kọ ni. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń gbé. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe nígbà tí eyín rẹ̀ ń já. Tí mo bá dé láàárọ̀, ó ti lọ sí ilé-ìwé. Tó bá dé, mo ti sùn. Ìyá rẹ̀ ló mọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì lọ, kò kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, nítorí pé kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá ọmọ.

Dókítà rí ìwé náà, ó rí àlàfo. Ó bi ọmọ náà fúnra rẹ̀.

“Ìgbà wo ni ti ọmọdé já níbí?”

“Nígbà tí mo wà ní Píráímárì Tú. Mọ́mì ló bá mi yọ ọ́.”

“Ó dáa. Mọ́mì ńkọ́, ṣé wọ́n ń bọ̀ ni?”

Ọmọ náà wò mí.

“Ó ti di olóògbé,” ni mo wí. “Ó ti pé ọdún méjì.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.” Ó ṣí ike mílíìkì. Ó wo eyín náà láìfọwọ́ kàn án. “Báwo ló ṣe pẹ́ tó níta kí ó tó wọ mílíìkì? Níbo ló wà?”

Mo mọ̀ pé mo lè tún parọ́. Ọmọ mi wà lórí àga gíga yẹn, iná wà lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára mi.

“Ó lé ní wákàtí méjì,” ni mo wí. “Orí páánù ló wà, nínú oòrùn. Èmi ni mo jù ú síbẹ̀. Mo rò pé ti ọmọdé ni. Ó fẹ́ sọ fún mi, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́.”

Kò bá mi wí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀ nìkan.

Ó fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, ó fọ ibẹ̀, ó sì dá eyín náà padà sínú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò ké. Ó di ìka mi mú, ìka kan péré, àwọn yòókù wà nílẹ̀.

Nígbà tí dókítà parí, ó fa àga, ó jókòó síwájú àwa méjèèjì. “Mi ò ní parọ́ fún yín. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń wà lára gbòǹgbò eyín, òun ló ń so ó mọ́ egungun. Tirẹ̀ ti gbẹ. Eyín náà máa dúró, ẹ máa rí i bí eyín, ṣùgbọ́n ara máa jẹ gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ ọdún díẹ̀. A ó máa wò ó.”

“Ṣé òmíràn á hù?” ni ọmọ mi bi í.

“Rárá, ọ̀rẹ́ mi. Ti àgbà kì í hù lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n tó o bá dàgbà tán, tí èyí bá lọ, a ó fi òmíràn síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.”

“Èmi á mọ̀,” ni ó wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn án lórí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, mo gba àkọsílẹ̀ oúnjẹ tó lè jẹ. Mo bi í ní ìbéèrè kan péré.

“Ká ní ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a padà ńkọ́?”

Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́.  “Ó ṣeé ṣe kó lò ó títí di arúgbó,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ò mọ̀ ni, sà.”

Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ̀. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò láti ọjọ́ náà wá. Ẹni tí kò mọ̀, wọ́n lè dáríjì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, mo sì pariwo mọ́ ọn pé kó dákẹ́ kí èmi tí kò mọ̀ lè rí ohun tí mo fẹ́ ṣe ṣe. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀. Mi ò mọ ohun tí à ń pè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè, Ìyá olómi kan ilẹ̀kùn kí n tó se ògì tán. Ó ti gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Bàbá, èmi ni mo ní kí ẹ jù ú. Mi ò tíì fojú kan oorun.”

“Ẹ ti bi mí lánàá,” ni mo wí. “Ẹ bi mí bóyá ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ní kò tíì pààrọ̀ rẹ̀, mi ò sì mọ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi yín.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ẹnu mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí ọmọ òun tí òun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó lọ.

Mo po ògì kó ṣàn, mo fi mílíìkì sí i, mo gbé e wọlé. Ọmọ náà ti jí, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi ahọ́n tọ́ wáyà náà wò. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí.

“Má bínú,” ni mo wí. “O sọ fún mi. Mo pariwo mọ́ ọ.”

Ó wò mí. Ó wo ògì.

“Dádì, ó gbóná. Dókítà ní kó má gbóná.”

Mo gbé e, mo gbé abọ́ náà sínú omi tútù, mo dúró tì í títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo tún gbé e wá. Ó fi ṣíbí mu ún láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Nígbà tó mu ún dé ìdajì, ó ní, “Ti èkínní yẹn, kì í ṣe pé ó kàn já o. Mọ́mì fi òwú so ó mọ́ ilẹ̀kùn…”

Ó dúró. Ó ń wò mí bóyá mo fẹ́ lọ.

Ọ̀gá wa ti ń pè mí lórí fóònù pé ẹnì kan ò wá, kí n wá bá wọn di ibẹ̀ mú ní ṣíìfù ọ̀sán. Fóònù náà tún ń dún lórí tábìlì. Mo yí i dojú délẹ̀. Mo fa àpótí, mo jókòó.

“Ilẹ̀kùn wo?” ni mo bi í.

“Èyí tibí yìí,” ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́nu dúró.